Ọjọ́ Tí Mo Kó Òyìnbó Lọ Sí Kétu

Ẹni tó bá ní òyìnbó kì í fi àkókò ṣòfò, kò tíì dúró ní èbúté Kútọnù láàárọ̀ kó máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rò ó bóyá kí àwọn jáde tàbí kí àwọn má jáde. Èmi dúró níbẹ̀. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, tí ọrùn aṣọ ń fún mi lọ́fun, tó sì ń ṣe mí bíi kí n pariwo mọ́ wọn pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè sínú mọ́tò!

Ayé Rẹfolúsíọ̀n nìyẹn, ìjọba ológun tó ní kí gbogbo èèyàn dọ́gba. Kámáráàdì ni gbogbo wa ń jẹ́, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Mò ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní biró ìjọba kan ní Ganhi, láàárín Kútọnù, biró tó ń bójú tó àwọn àlejò tó bá wá wo ìlú. Kí n má purọ́, àlejò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ òkun ńlá kan a máa yà lọ́dọ̀ wa, ọkọ̀ afẹ́ tó kún fún àwọn òyìnbó tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń ti etíkun kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á rìn kiri, ọkọ̀ á sì gbéra nírọ̀lẹ́. Iṣẹ́ tiwa ni kí á mú wọn jáde, kí á sì dá wọn padà láìdín.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìrìn méjì ni biró wa là sílẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan kúrú: wọ́n á wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lọ sí Ganvié, abúlé orí omi, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì padà wá jẹun ọ̀sán nínú ọkọ̀ wọn. Èkejì gùn: wọ́n á wọ mọ́tò lọ sí Kétu, láti lọ wo Àkábà Ìdẹ́nà, ẹnu odi tí àwọn baba wa fi ń ti ìlú mọ́ ogun láyé àtijọ́. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ni ìyẹn, eruku àti oòrùn ni àlọ àti àbọ̀. Mọ́tò ọ̀hún kò sì ní gbéra àfi bí èrò bá pé ogún.

Kétu ni ilé mi. Ibẹ̀ ni ìyá mi wà, ó sì ti ń ránṣẹ́ pè mí.

Obìnrin kan tó máa ń kó ata wá sí ọjà Tọ̀kpá ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún mi. Ó kọ́kọ́ wá, ó tún wá, ó tún padà wá, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ: “Ìyá rẹ ní kí o wá. Ó ní kò ṣeé fi rán èèyàn.” Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, a kì í dì í sẹ́nu oníṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pè báyẹn kì í béèrè pé kí ló dé, ńṣe ni yóò dìde. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde? Mo tọrọ kọ́ngé, àyè ìsinmi, lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó bọ́ ṣòkòtò fún mi. “Kámáráàdì, ta ni yóò ro oko biró?” Ẹ gbọ́ o, oko biró! Àwa akọ̀wé la ní oko ẹ̀gẹ́ ní Ekpè, nítorí ìjọba ní kí gbogbo ọwọ́ máa mú oúnjẹ jáde. Sátidé àti Sọ́ńdè, ọkọ́ ló ń wà léjìká wa. Ẹ̀gẹ́ tí à ń gbìn ọ̀hún náà, ewúrẹ́ àwọn ará Ekpè ló ń bá wa jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Kétu kì í ṣe ibi tí ẹni tí kò ní mọ́tò lè lọ kó sì bọ̀ lóòjọ́; títí tákísí yóò fi kún ní Àjàṣẹ́, ọ̀sán á ti pọ́n.

Mi ò sùn dáadáa mọ́. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo ń rò ó. Àìsàn ni? Wọ́n ń bá a jà lórí ilẹ̀ bàbá mi ni? Àlá kan ló lá nípa mi ni? Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń pariwo asán. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò pè mí rí àfi kí n lọ fúnra mi.

Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá ní níwọ̀n bí mo ṣe jẹ́ ọmọ Kétu, èmi ni kí n mú àwọn òyìnbó lọ wo Àkábà Ìdẹ́nà, ó kù díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn. Mo wọ aṣọ tí biró rán fún gbogbo wa, aṣọ aláwọ̀ eérú tó bo ọrùn. Tẹ́lọ̀ tó rán an kò wọn ọrùn ẹnikẹ́ni, ó kàn rán an ni. Mo kórìíra aṣọ yẹn bí ìgbẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀, mo lọ sí èbúté kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Àṣé ayọ̀ kò tíì kàn mí.

Wọ́n kó àwọn òyìnbó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà kan létí omi, wọ́n ní kí kálukú yan tirẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ Kétu títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo sọ ti odi, mo sọ ti yàrà tó yí i ká, mo sọ ti ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra. Ọkùnrin kan tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní, “Ẹnu odi yẹn, ṣé ó ga?” Mo ní ó ga. Ó ní, “Ó ga tó báwo?” Mo ní bó bá dé ibẹ̀ yóò rí i. Ó ní òun ti rí odi ní Mòrókò, pé ṣé ó ga ju ti Mòrókò lọ? Mo ní mi ò dé Mòrókò rí. Ó padà lọ jókòó.

Òmíràn bi mí bóyá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lọ́nà. Igbó wà lọ́nà, ìyẹn ni òótọ́, ṣùgbọ́n mo ní ó wà. Obìnrin kan ní ṣé mọ́tò ní fèrèsé tó ṣeé ṣí. Ọkọ rẹ̀ ní kí àwọn lọ, òun ní kí àwọn má lọ, ni àwọn méjèèjì bá ń bá ara wọn jà lójú mi. Bí ẹni kan bá dìde wá sọ́dọ̀ mi, ẹni méjì a padà jókòó. Gbogbo wọn ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n ń bi mí náà: “Ṣé ó tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jìyà?” Ṣé ó tó! Bí ẹni pé ẹran ni wọ́n fẹ́ rà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ níhà bóyá ọ̀rá wà níbẹ̀.

Ẹnì kejì mi ní biró, tó ń mú àwọn ti Ganvié lọ, kò tiẹ̀ ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ó ń pè wọ́n bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ: “Afẹ́fẹ́ tútù! Ojú omi! Ẹ ó padà wá jẹun nínú ọkọ̀ yín!” Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ọ̀rẹ́, o mọ̀ pé ìyá mi ń pè mí. Rọra o.”

Ó ní, “Àbí èmi ni mo ní kí Kétu jìnnà?”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun wá kéde pé ẹni tó bá bá mọ́tò biró lọ, ọkọ̀ yóò dúró dè é bó bá pẹ́; ẹni tó bá dá lọ fúnra rẹ̀, kó má retí pé wọn á dúró. Ìyẹn mú àwọn kan dìde, síbẹ̀ kò tíì pé. Mo wo oòrùn, ó ti gòkè. Inú bí mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi, mo ní eruku ló wọ̀ ọ́.

Ìyá arúgbó kan wà láàárín wọn, òun nìkan, ó ń fi ọ̀pá rìn. Kò tíì la ẹnu rárá. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó ní, “Ìwọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ kan péré lo ní nílẹ̀ yìí, ṣé wàá lọ?”

Ọ̀rọ̀ wà tí biró kọ́ wa pé kí á sọ sí irú ìbéèrè yìí, ọ̀rọ̀ dídùn nípa ogún àwọn baba ńlá àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú. Kò jáde. Ohun tó jáde ni, “Màmá, ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń ránṣẹ́ pè mí. Mi ò sì lè dé ibẹ̀ àfi bí ẹ̀yin bá lọ.”

Ó wò mí díẹ̀. Ó yíjú sí àwọn ará rẹ̀, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ní, “Ó yá, ẹ dìde. Ọmọ yìí fẹ́ lọ rí ìyá rẹ̀.” Ọmọ ló pè mí o, èmi tí ọmọ tèmi ti ń wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dìde. Ìyáàfin tó ń jà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ náà dìde. Ogún pé, ó tún lé.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ọ̀nà kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Níbi tí a bá dé, okùn ló wà lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ ogun àti àwọn ọ̀dọ́ Rẹfolúsíọ̀n á ní kí á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wo ìwé, wọ́n á ka òyìnbó bí ẹni ń ka ẹyin. A ó pariwo ọ̀rọ̀ Rẹfolúsíọ̀n, pé a ti múra tán, pé ìjà ń tẹ̀síwájú, wọ́n á wá tú okùn. Ní Pọ́bẹ̀, ẹni tó ń ṣojú ìjọba ti gbọ́ pé àlejò ń bọ̀, ó ti tò àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sínú oòrùn. Wọ́n kọrin. Òun náà sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó tún sọ̀rọ̀, èmi ni mo sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mò ń pàtẹ́wọ́. Gbogbo àkókò tó ń fi sọ̀rọ̀, inú èyí tí mo fẹ́ fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi ló ti ń bù ú. Ọlọ́run nìkan ló mọ èpè tí mo gbé mì.

Nígbà tí a fi máa dé Kétu, eruku ọ̀nà ti sọ gbogbo aṣọ funfun àwọn òyìnbó di pupa. Awakọ̀ ní bí a ò bá tètè padà, òun kò ní lè sáré òru. Mo sì mọ̀ pé ìgbà tí a ní níbẹ̀ kò pọ̀.

Mo kó wọn dé ẹnu odi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu tán láti ṣàlàyé ni mo rí ìyá mi tó ń bọ̀ láti ọ̀nà ilé wa, tí kò ju ìpè kan lọ sí ibẹ̀. Ìyàwó kékeré bàbá mi, tí a ń pè ní Ìyá Kékeré, ló dì í lápá mú. Mo rò pé ọjọ́ orí ni. Mo dákẹ́ ọ̀rọ̀ odi, mo sáré, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú aṣọ eérú ìjọba. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Oríkì yẹn, ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ni mo bá gbọ́ pa, pa, pa lẹ́yìn mi. Kámẹ́rà! Wọ́n rò pé ara ohun tí wọ́n sanwó fún ni. Ọkùnrin Mòrókò yẹn tiẹ̀ wá fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ṣé mo lè jọ̀ọ́ tún un ṣe, pé òun kò tètè múra. Mo ní kí n tún kí ni ṣe? Mo dìde, mo gbọn eruku dànù.

Ìyá mi ní, “Ṣé àwọn àlejò rẹ nìyí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí á wọlé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fi pè mí. Ìgbà díẹ̀ la ní.”

Ó ní, “Àlejò rẹ, wọ́n ti jẹun?”

“Ìyá, wọ́n gbé oúnjẹ wọn dání.”

“Kí àlejò ọmọ mi dé ẹnu ọ̀nà mi, kí wọ́n jẹ oúnjẹ àpò? Kí ni wọ́n máa wí níbi tí wọ́n ti wá?” Ó ti yíjú padà sílé. Ìyá Kékeré ti ń pe àwọn obìnrin agboolé. Lójú ẹsẹ̀, iná ti dé abẹ́ ìkòkò, ẹnì kan ń bó iṣu, ẹnì kan ń lé àgbébọ̀ adìẹ kiri ẹ̀yìnkùlé. Ká ní ogun dé ni, wọn kì bá sáré tó bẹ́ẹ̀.

Mo fi àwọn òyìnbó sílẹ̀ níbi odi, mo tẹ̀ lé e wọ inú ilé ìdáná. “Ìyá, ẹ dákun, ẹ fi oúnjẹ yìí sílẹ̀. Kí ló dé?”

“Jẹ́ kí àlejò jẹun ná.”

“Ìyá, ara yín le?”

“Ara mi le. Bá mi gbé iyọ̀.” Iyọ̀ sì wà níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ìbínú. Mo ní, “Ṣé wọ́n ń bá yín jà lórí ilẹ̀ ni?” Ó ní kò sẹ́ni tó ń bá òun jà. Ó bù iyọ̀, ó fi ìka tọ́ ọ wò, ó dà á sínú ìkòkò. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Gbogbo ìyà yẹn, gbogbo okùn yẹn, gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ òyìnbó, ó wá jẹ́ pé iṣu ni ìyá mi máa sè fún wọn!

Ó ní, “Òkùnkùn pọ̀ níbí. Jáde sínú oòrùn.”

Mo jáde. Ó tẹ̀ lé mi, ó dúró níwájú mi ní àárín àgbàlá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá mi lójú mú, ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ tèmi. “Yí sí ọ̀tún. Yí sí òsì.” Ó fi ìka wá àpá orí ojú mi, ibi tí mo ti já lulẹ̀ lórí igi ọsàn nígbà kékeré, ó rí i. “O ti ń hu ewú. O ti rù. Wò ó, bàbá rẹ nìyí, ẹ̀yin méjèèjì jọra gan-an.” Ó fa ọrùn aṣọ mi, ó tò ó. Kò kúrò níwájú mi. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń wojú ọmọ pẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá awakọ̀ ń pè mí.

“Ó tó,” ló wí nígbà tó yá.

Oúnjẹ jáde, iṣu sísè àti ọbẹ̀ adìẹ nínú àwo ńlá ńlá, wọ́n gbé e kalẹ̀ lábẹ́ igi lẹ́bàá odi. Àwọn òyìnbó wo ara wọn. Ọkọ̀ òkun ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohunkóhun lórí ilẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n ń mú búrẹ́dì wọn jáde nínú àpò. Àwọn obìnrin agboolé dúró, ọwọ́ ń bẹ lẹ́yìn. Ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn yẹn nìkan ló jókòó sórí àpótí, ó gba iṣu, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tọrọ omi. Èmi náà jẹ, mo jẹ tèmi àti ti ẹni mẹ́ta, kí ojú má bàa ti ìyá mi. Adìẹ ń há mi lọ́fun.

Awakọ̀ fọn fèrè mọ́tò. Mo sáré tọ ìyá mi lọ, mo kúnlẹ̀. “Ìyá, ọ̀rọ̀ wo ni? Mi ò mọ ìgbà tí mo tún máa wá.”

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ náà ti parí. Mo ti rí ọ.”

“Ẹ ní kò ṣeé fi rán èèyàn!”

“Kò ṣeé fi rán èèyàn. Máa lọ, ọmọ mi. Ẹni tó ń lọ sọ́nà, a kì í di ẹrù lé e lórí.”

Inú bí mi láti Kétu dé Àjàṣẹ́. Lẹ́yìn mi nínú mọ́tò, wọ́n ń ṣe ìpàdé lórí bóyá ó tó. Ọkùnrin Mòrókò ní ògiri amọ̀ lásán ni, pé òun kábàámọ̀ omi Ganvié. Ìyáàfin kan ní ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ ló dùn jù. Ìyá arúgbó ń sùn. Nígbà tí a dé èbúté, ilẹ̀ ti ń ṣú, ọkọ̀ òkun ń dún hùùù, ó dúró dè wọ́n lóòótọ́. Ọ̀gá mi wà níbẹ̀, ó ń wo aago. Ó ní, “Kámáráàdì, báwo? Ṣé kí á tún máa kó wọn lọ sí Kétu? Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?”

Mo tú ọrùn aṣọ yẹn. Mo ní, “Kò tó o. Ó jìnnà lásán.” Ohun tó wà nínú mi lọ́jọ́ náà nìyẹn, mo sì sọ ọ́ jáde. Biró kò tún là á sílẹ̀ mọ́.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní kọ́ngé. Mo dé Kétu ní ọ̀sán gangan. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo fẹ́ bá a ṣeré, n kò sọ̀rọ̀, mo kàn lọ dúró níwájú rẹ̀ kó gbójú sókè kó pariwo. Ó gbójú sókè. Ó wò mí lójú kòró, ní ibi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ yàà.

Ó ní, “Ta ló dúró yẹn?”

Ìyá Kékeré jáde láti inú ilé, ó rí mi, ó fọwọ́ bo ẹnu. Òun ló sọ fún mi, ó fà mí sẹ́yìn ògiri kó tó sọ ọ́. Ojú ìyá mi ti ń lọ láti ìgbà ìkórè iṣu, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò ní pẹ́ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kó òyìnbó wá, ó ṣẹ́ kù díẹ̀, inú oòrùn nìkan ló sì ti ń ríran. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi tán.

Mo padà lọ bá a, mo dọ̀bálẹ̀, mo pè é. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ojú rẹ̀ yọ̀, ó da ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Ó fọwọ́ wá ojú mi, ó wá ọrùn mi.

Ó ní, “Aṣọ eérú yẹn mà yẹ ọ́ o.”

Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ní, “Ẹ ṣé, Ìyá.”